Ìṣọ́ òru ní Kèrè: bí a ṣe lè dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀ láì dá ọ̀ràn

Ẹni tó bá gba ọ̀nà ọ̀dà láti Kutọnu lọ sí Parakú kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé òun ti wọ ilẹ̀ Ìdáàṣà. Lẹ́yìn Bohicon, ilẹ̀ tó tẹ́jú á bẹ̀rẹ̀ sí í hu àpáta díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá sì fi máa dé Dassa-Zoumè, òkè ti yí onítọ̀hún ká. Òkè mọ́kànlélógójì ni àwọn ará ibẹ̀ máa ń kà. Ilẹ̀ olókè yìí ni Kèrè wà, ọ̀kan nínú arrondissement mẹ́wàá tó wà lábẹ́ mérì Dassa-Zoumè, ní ẹkùn Collines.

Kì í ṣe torí ẹwà nìkan ni àwọn Ìdáàṣà fi fẹ́ràn òkè wọn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ń jáde láti Àgbómẹ̀ wá kó ènìyàn lẹ́rú, orí àpáta ni wọ́n máa ń sá gùn. Ẹni tó wà lókè ń rí ẹni tó ń bọ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kí ẹni yẹn tó rí i. Ẹnìkan á máa ṣọ́nà, àwọn yòókù á sùn. Bí ó bá ké, gbogbo wọn á jí. Àwọn ìbátan wọn ní Kétu ní ẹnubodè Àkàbà Ìdènà àti yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ títí ogun Glèlè fi fọ́ ìlú náà ní 1886. Nítorí náà, bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń sọ pé ìṣọ́ àdúgbò jẹ́ ohun tuntun tí àwọn rí lórí fóònù, ẹ̀rín ló máa ń pa wá.

Ogun ti kásẹ̀ nílẹ̀, olè kò kásẹ̀. Ohun tí olè ń wá ní ìgbèríko sì yàtọ̀ sí ohun tó ń wá ní Kutọnu. Ní ìlú ńlá, inú ilé ni ẹrù wà, lẹ́yìn irin àti kọ́kọ́rọ́. Ní oko, ohun tí ènìyàn fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣiṣẹ́ fún ló wà níta gbangba: iṣu tó wà nínú ebè, ẹ̀pà tí wọ́n sá, ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ kiri, alùpùpù tí wọ́n gbé ti ògiri. Kajú ló wá burú jù. Láti nǹkan bí oṣù kejì títí dé oṣù karùn-ún ni ó máa ń já bọ́ nídìí igi, kò sì sí àmì olóko lára ẹyọ kajú kankan. Bó bá ti wọ àpò, ó tán, kò sẹ́ni tó lè sọ oko tó ti wá. Àgbẹ̀ tí àìsàn bá dá dúró sílé fún òru méjì péré lè padà bá ìdí igi rẹ̀ ní òfìfo, owó ilé ìwé àwọn ọmọ sì ti lọ nìyẹn.

Kì í ṣe pé ìjọba kò sí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2018 ni wọ́n ti da ọlọ́pàá àti jándámù pọ̀ di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, Police Républicaine, kí iṣẹ́ ààbò lè dé àwọn arrondissement dáadáa. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá mélòó ló lè dúró sí gbogbo ẹnu ọ̀nà oko, gbogbo ìdí àpáta, gbogbo abà? Ẹni tó mọ̀ pé ajá Bàbá Ẹlẹ́pà kì í gbó lásán, tó sì mọ̀ pé alùpùpù tó kọjá láago méjì òru kì í ṣe ti ọmọ àdúgbò, aládùúgbò ni. Ìdí nìyẹn tí a fi fara mọ́ ọn pé kí irú ìlú bíi Kèrè ní ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. A kàn fẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ọ̀fìn wà kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀.

Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún ní Benin yóò rántí ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Kọ́nẹ́ẹ̀lì Devi. Ní nǹkan bí 1999 sí 2001, lápá Mono àti Couffo, ọ̀rọ̀ olè ti sú àwọn ènìyàn pátápátá, ni Devi bá kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti máa lé olè. Ìlú pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun àwọn tí wọ́n fura sí, láìsí adájọ́, láìsí ẹlẹ́rìí tí ẹnikẹ́ni bi léèrè ọ̀rọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ tó kú bẹ́ẹ̀, ta ló mọ àwọn tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ obìnrin ni ọ̀tá wọn fi ka orúkọ wọn sílẹ̀? Òkú kì í padà wá rojọ́.

Ti Burkina Faso tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará abúlé níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Koglweogo sílẹ̀ láti ṣọ́ ẹran àti oko. Olè dínkù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2019, àwọn agbébọn kọlu abúlé Yirgou, wọ́n sì pa olórí abúlé. Inú ń bí àwọn Koglweogo àti àwọn mìíràn, wọ́n kọjú sí àwọn Fúlàní tó ń gbé nítòsí, wọ́n ní àwọn ni wọ́n gba àwọn agbébọn náà sílé. Ìjọba ní òkú 49. Ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn kan ní ó lé ní 200. Àwọn tó jáde láti ṣọ́ ewúrẹ́ ni wọ́n bá ara wọn níbi ìpakúpa ènìyàn.

Òyìnbó náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ti ń ṣètò ìṣọ́ àdúgbò jákèjádò orílẹ̀-èdè láti 1972, ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ àdúgbò rẹ̀ nílùú Sanford ní Florida rí ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Trayvon Martin, ọmọ ọdún 17, nínú oṣù kejì 2012. Ó pe ọlọ́pàá. Wọ́n sọ fún un lórí fóònù pé kò pọn dandan kó tẹ̀ lé ọmọ náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ máa parí, ọmọ náà ti kú, kò sì gbé ohun ìjà kankan lọ́wọ́.

Ohun kan náà ló mú àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí jọra: ẹ̀ṣọ́ gba iṣẹ́ ọlọ́pàá àti ti adájọ́ mọ́ tirẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Benin ti 11 oṣù kejìlá 1990 sì ti ya àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí sọ́tọ̀. Abala 16 ní wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni àfi bí òfin tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú bá gbà bẹ́ẹ̀. Abala 17 ní aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi. Abala 18 ka ìyà jíjẹ àti ìwà ẹranko léèwọ̀, ó sì ní a kò gbọdọ̀ ti ènìyàn mọ́lé ju wákàtí 48 lọ láìjẹ́ pé wọ́n mú un dé iwájú adájọ́. Abala 20 ní ilé ènìyàn kì í ṣe ibi tí wọ́n kàn lè já wọ̀. Tí ọlọ́pàá tó wọ aṣọ ìjọba bá wà lábẹ́ gbogbo èyí, mélòómélòó ni ọmọ àdúgbò tó mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́?

Síbẹ̀, òfin kò so wá lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ká olè mọ́ ibi tó ti ń jalè gan-an, ó ní ẹ̀tọ́ láti dá a dúró kó sì mú un lọ bá ọlọ́pàá tó súnmọ́ jù. Ẹ̀tọ́ náà parí síbẹ̀. Kò sí lílù, kò sí bíbọ́ aṣọ, kò sí táyà lọ́rùn, kò sí kí wọ́n tì í mọ́ yàrá olórí abúlé títí ilẹ̀ á fi mọ́ lọ́túnla, kò sì sí owó ìtanràn tí ẹgbẹ́ yóò gbà sápò. Èyí tó kẹ́yìn yìí la fẹ́ kí ẹ fi etí sí, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń bàjẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀ṣọ́ bá ti mọ̀ pé òun lè rí owó lọ́wọ́ ẹni tí òun bá mú, ọjọ́ náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò mú.

Ta ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá? Olórí abúlé ni, lẹ́yìn náà olórí arrondissement, kí wọ́n sì jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó ń bójú tó agbègbè náà kí ẹ̀ṣọ́ ẹyọ kan tó jáde lóru. A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ìyẹn á fa ọ̀rọ̀ gùn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ọlọ́pàá kò mọ̀, ìpàǹpá ló máa jọ lójú wọn bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà láago kan òru, tọ́ọ̀ṣì lójú, kóńdó lọ́wọ́. Kí orúkọ gbogbo àwọn tó ń ṣọ́ wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kí nọ́ńbà ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru náà sì wà nínú fóònù gbogbo ẹ̀ṣọ́. Kí wọ́n dán nọ́ńbà náà wò kí wàhálà tó dé, torí àpáta a máa dí nẹ́tíwọ́kì. Kí wọ́n rìn kiri àdúgbò lọ́sàn-án, kí wọ́n mọ ibi tí fóònù ti ń gbà àti ibi tí kò ti gbà, kí wọ́n má ṣe fi ẹnikẹ́ni ṣọ́ ibi tí kò ti gbà láìsí fèrè tàbí agogo.

Àwọn ọdẹ ńkọ́? Ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ọdẹ ló ń ṣọ́ ìlú kí a tó mọ ọlọ́pàá. Àwọn Gùn ní Àjàṣẹ́ ní Zangbéto tiwọn tó ń káàkiri òru. Ọdẹ mọ ipa ẹsẹ̀, ó mọ igbó, ẹ̀rù òkùnkùn kì í bà á, ìtìjú ńlá ló sì máa jẹ́ bí wọ́n bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí wọn kò fi ọ̀ràn lọ̀ wọ́n. Kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń rìn lóru, bí a ṣe ń dákẹ́, bí a ṣe ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ènìyàn àti ẹran. Ìbọn nìkan ni kí wọ́n fi sílẹ̀ sílé. A kò sọ èyí láti rí àwọn ọdẹ fín. Ṣakabùlà kò mọ ọmọ àdúgbò tó ti ìsìn òru dé yàtọ̀ sí olè, ẹni tó sì yìn ín nínú òkùnkùn kò mọ̀ ọ́n náà. Bí àwọn tó ń bọ̀ bá mú ìbọn dání, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ àdúgbò mọ́. Kí wọ́n sá pamọ́, kí wọ́n pe ọlọ́pàá, kí wọ́n máa wo ibi tí wọ́n gbà lọ.

Àwọn kan á ní ṣebí Àmọ̀tẹ́kùn ní Nàìjíríà ń gbé ìbọn. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ Àmọ̀tẹ́kùn kì í ṣe ìṣọ́ àdúgbò. Nígbà tí àwọn gómìnà ìwọ̀ oòrùn gúúsù ṣí i ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní 2020, ariyanjiyan dé lójú ẹsẹ̀ pé òfin wo ló gbé e dúró, àfìgbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ṣòfin fún un. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n, wọ́n ń gba owó oṣù, wọ́n sì ní ọ̀gá tí ènìyàn lè pè lẹ́jọ́. Ẹgbẹ́ tí ará àdúgbò fi ọwọ́ ara wọn dá kò ní ọ̀kankan nínú ìyẹn. Èyí tó súnmọ́ ohun tí Kèrè lè ṣe ni ti Mollington, abúlé kékeré kan ní Cheshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìṣọ́ àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ ní Britain ní 1982. Ojú àti etí ọlọ́pàá ni wọ́n pe ara wọn, wọn kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n máa ń so pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà kí olè lè kà á. Ní tiwa, a kò rò pé olè kajú máa dúró ka pátákó.

Ọ̀rọ̀ iye ènìyàn kò le. Ká ní àdúgbò kan ní ilé 60, tí ènìyàn 28 sì gbà láti máa ṣọ́. Wọn á pín wọn sí ọ̀nà méje, mẹ́rin fún òru kọ̀ọ̀kan. Méjì á rìn láti aago mẹ́wàá títí dé aago kan ààbọ̀, méjì yòókù á gbà á lọ́wọ́ wọn títí di aago márùn-ún. Ẹnì kankan kò ní dá rìn. Oorun wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ lọ́sẹ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa pàdánù, àgbẹ̀ sì lè fara da ìyẹn. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá dá 200 fàráńkì lóṣù, 12,000 fàráńkì nìyẹn, tó tó ra bátìrì, bàtà òjò, káàdì fóònù àti owó tí wọ́n máa fún oní-sẹmijan tó bá gbé ẹnìkan dé àgọ́ ọlọ́pàá. Kò tó san owó oṣù, kò sì yẹ kó tó o.

Obìnrin ni kí wọ́n fi owó náà sí lọ́wọ́. A kò sọ bẹ́ẹ̀ láti dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú. Àwọn obìnrin tó ń dá èsúsú ní ọjà ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka owó lójú gbogbo ènìyàn. Ju ìyẹn lọ, àwọn ni wọ́n máa ń jí ṣáájú: ẹni tó ń yan gàrí, ẹni tó ń pọn omi, ẹni tó ń di ẹrù ọjà ní aago mẹ́rin. Lẹ́nu wọn ni a ti máa ń kọ́kọ́ gbọ́ pé àjèjì kan sùn sí ẹ̀yìn ilé ìwé. Ẹgbẹ́ tó bá fi ọkùnrin nìkan ṣe ìgbìmọ̀ ti di etí ara rẹ̀ kan.

Àwọn oní-sẹmijan náà ń kọ́? Kí wọ́n pè wọ́n. Wọ́n mọ gbogbo ẹni tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lójú títì, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n gbé e lọ.

Kí wọ́n ra ìwé kan, kí ó máa wà nílé olórí abúlé. Ohun tí wọ́n rí ni kí wọ́n máa kọ síbẹ̀, kí ó má jẹ́ ohun tí wọ́n rò. "Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, alùpùpù pupa, ènìyàn méjì, àpò mẹ́ta, wọ́n gba ọ̀nà odò lọ." Ìyẹn wúlò fún ọlọ́pàá. "A rí Fúlàní kan tó ń ṣe bí olè" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, ó sì lè pa ènìyàn.

Èyí ló gbé wa dé ibi tó nira jù. Ìdáàṣà nìkan kọ́ ló ń gbé àwọn òkè wọ̀nyí. Àwọn Maxi wà níbẹ̀, àwọn Fọn wà níbẹ̀, àwọn darandaran Fúlàní wà níbẹ̀, òmíràn nínú wọn ni wọ́n bí síbẹ̀. Láti ìparí 2019 ni ìjọba Benin ti fòfin de kí darandaran máa kó màlúù wọlé láti orílẹ̀-èdè mìíràn, láti ìgbà náà sì ni àwọn kan ti rò pé gbogbo ẹni tó bá da màlúù ti di arúfin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí màlúù bá jẹ oko, ọ̀ràn owó gbà-mábínú ni, ọ̀nà wà tí àwọn aláṣẹ ń gbà parí rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀ràn ẹ̀ṣọ́ òru. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí olórí gáà wà nínú ìgbìmọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Olè màlúù ń ja Fúlàní náà lólè. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ń ṣọ́ lápá tiwọn, tí nọ́ńbà wọn sì wà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú, ẹni tó bá kó ẹran sá kò ní ibi tí yóò gbà. Bí wọ́n bá sì lé e sẹ́yìn, àdúgbò ti fi ìdajì ojú rẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ tí nǹkan bá sì bàjẹ́, gbogbo ènìyàn ti mọ ẹni tí wọ́n máa kọjú sí. Yirgou kò bẹ̀rẹ̀ lọ́nà mìíràn.

Àjèjì mìíràn tún wà tí kì í ṣe olè. Lọ́dọọdún nínú oṣù kẹjọ, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ Àgùdà máa ń wá sí ihò àpáta Arigbo ní Dassa-Zoumè láti bọlá fún Màríà, àṣà tó ti wà láti 1954. Wọ́n ń sùn níta, wọ́n ń ṣìnà lóru, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn béèrè omi. Ní àkókò náà, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ máa fi ọ̀nà hàn ju kí wọ́n máa tan tọ́ọ̀ṣì sí ènìyàn lójú lọ. Ilé àwọn tó ti lọ síbi àdúrà náà ló sì yẹ kí wọ́n fi ojú sí, nítorí olè gidi mọ kàlẹ́ńdà ju tiwa lọ.

Wàyí o, ká ní wọ́n mú ẹnìkan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló máa pinnu bóyá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni tàbí ẹgbẹ́ apànìyàn. Fèrè ti dún, ilẹ̀kùn ń ṣí, àwọn tí oorun ṣì wà lójú wọn ń bọ̀ pẹ̀lú igi àti òkúta, ẹnìkan á sì pariwo lẹ́yìn pé òun náà ni ó jí ewúrẹ́ àwọn lésìí. Kò sí bí ẹ̀ṣọ́ méjì ṣe lè dá ogójì ènìyàn dúró bí wọn kò bá tíì pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe kí òru ọjọ́ náà tó dé. Nítorí náà, kí wọ́n pinnu rẹ̀ nínú ìpàdé, kí gbogbo àdúgbò gbọ́. Inú ilé tí wọ́n ti yàn tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n mú un wọ̀, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Ẹnìkan pe ọlọ́pàá, òmíràn pe olórí abúlé. Àgbàlagbà méjì tí ìlú ń bọ̀wọ̀ fún, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà. A ti rí i pé ọ̀dọ́ tó lè ti ẹ̀ṣọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣubú kì í lè ti ìyá àgbà. Kí ẹnikẹ́ni má yà á ní fọ́tò sórí WhatsApp. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹni tó ni ẹrù wá sọ̀rọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ kejì.

Ìyẹn gan-an ló máa ń bí àwọn ènìyàn nínú: "Ọlọ́pàá á tú u sílẹ̀." Nígbà mìíràn wọ́n máa ń tú u sílẹ̀ lóòótọ́, torí pé kò sẹ́ni tó wá jẹ́rìí. Ẹni tó fẹ́ kí olè jìyà ní láti fi oko sílẹ̀ fún ọjọ́ kan, kó lọ sọ ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí. Ẹgbẹ́ lè fi 12,000 fàráńkì yẹn ràn án lọ́wọ́ láti san owó ọkọ̀. A rò pé owó náà kò ní iṣẹ́ tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí wọ́n pe ìpàdé, kí wọ́n ka ìwé náà sókè, kí akápò ka owó. Bí ẹ̀ṣọ́ kan bá ti na ènìyàn tàbí gbowó, kí ó lọ lójú gbogbo ènìyàn, ì báà jẹ́ ọmọ olórí abúlé.

Fún àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìpàdé àkọ́kọ́ dára kó wáyé kí kajú tó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ bá ti dé láti oko, kí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní èdè Ìdáàṣà, Maxi àti Fúlàní. Kí ó má ṣe bọ́ sí ọjọ́ ọjà Glazoué. Lọ́jọ́ yẹn, ìdajì àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ò ní sí nílé.